Ọjà Tí A Kò Fojú Rí

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ọ̀rọ̀ rírà àti títà ni, ojoojúmọ́ ni a sì ń rà tí a sì ń tà. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó ń sọ ọ́ di irú ènìyàn tí ó jẹ́. Nítorí náà kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Ní Ayétòrò, ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ẹsẹ̀ fún àgbà àti ọmọdé, a ń rí i nísinsìnyí pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀, kí ó tẹ fóònù ọwọ́ rẹ̀, kí ó yan aṣọ tí ẹni tí kò mọ̀ rí ń tà ní ìlú tí kò dé rí, kí ó sì san owó rẹ̀ kí omi tí ó gbé kaná tó hó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹrù náà yóò dé Igbókòdá, ọkọ̀ yóò sì gbé e wá. Kò kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì kí i. Kò ná ọjà, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí a bá ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí a kò fojú rí, ṣé ìrìn àjò sí ọjà nìkan ni a yọ kúrò, tàbí a ti yọ apá kan ìwà wa kúrò pẹ̀lú rẹ̀? Àwọn àgbà kan ń wí pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ba àṣà wa jẹ́ pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń dá wọn lóhùn pé àṣà tí ń mú kí ènìyàn wa ọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán nítorí bàtà kan, kì í ṣe àṣà tí ó yẹ kí a sunkún lé lórí. Àwa kò rò pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí ti sọ gbogbo òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Bóyá ni ìlú kan wà tí ó yẹ kí a ti bi irú ìbéèrè yìí ju Ayétòrò lọ. Ẹ ó rántí pé ní ọdún 1947 ni àwọn ará Ìlàjẹ kan, tí wọ́n jẹ́ Aládùúrà, tí a sì ti ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn, kó ara wọn jọ sí etí òkun tí wọ́n sì tẹ ìlú yìí dó. Ìjọ Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n pe ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí a ti kà nípa àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú nínú Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, àwọn pẹ̀lú pinnu láti ní ohun gbogbo ní àpapọ̀. Ẹja tí apẹja bá pa kì í ṣe tirẹ̀. Ti gbogbo ìlú ni. A kì í san owó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìṣúra kan ṣoṣo ni owó gbogbo ń wọ̀, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń bọ́ olúkúlùkù, tí a ń fi aṣọ wọ̀ ọ́, tí a sì ń fún un ní ibùgbé. Àwọn ará ìta ni wọ́n ń tà fún. Ará ìlú kì í tà fún ará ìlú. Nípa iṣẹ́ àpapọ̀ yìí ni wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà sórí ẹrẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ipa odò fún ọkọ̀, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ńlá, tí wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ bàtà àti ti aṣọ híhun sílẹ̀. Iná mànàmáná ń tàn ní Ayétòrò ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó tóbi jù ú lọ ṣì wà nínú òkùnkùn.

Nígbà tí ó di apá ìparí àwọn ọdún 1960, a fi ètò náà sílẹ̀, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe òwò tirẹ̀. A kò mú ìtàn yìí wá láti dá ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́bi, tàbí ẹni tí ó parí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí a rí níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí a ń gbà pín nǹkan láàrin ara wa a máa kọ́ wa ní ìwà. Ọmọ tí ó dàgbà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í bá arákùnrin rẹ̀ ná ọjà yóò yàtọ̀ sí ọmọ tí ó kọ́ ìṣirò ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ ìyá rẹ̀. Ọ̀kan lè jẹ́ ọlọ́làwọ́ ṣùgbọ́n kí ó ṣe aláìgbọ́n nípa owó. Èkejì lè gbọ́n nípa owó ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ le. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wí pé rírà kàn jẹ́ rírà, pé kò kan ìwà, kí a rán an létí Ayétòrò.

Nísinsìnyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ọjà láàrin àwọn tí kò rí ara wọn jẹ́ ohun titun lábẹ́ ọ̀run. Herodotus, ará Gíríìkì tí ó kọ ìwé ìtàn ní ohun tí ó ju 2,400 ọdún lọ sẹ́yìn, ròyìn bí àwọn oníṣòwò Carthage ti ń bá àwọn ènìyàn kan ní etí òkun Áfíríkà ṣòwò. Wọn a kó ẹrù wọn sí orí iyanrìn, wọn a padà sínú ọkọ̀, wọn a sì dá iná kí èéfín rẹ̀ lè jẹ́ àmì. Àwọn onílẹ̀ a wá, wọn a gbé wúrà sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù náà, wọn a sì fà sẹ́yìn. Bí wúrà náà bá tó, ọlọ́jà a kó o, a sì lọ; bí kò bá tó, a padà sínú ọkọ̀, a sì dúró títí a ó fi fi kún un. Ó wí pé ẹnikẹ́ni kì í rẹ́ ẹnìkejì jẹ: ọlọ́jà kì í fọwọ́ kan wúrà kí ó tó pé, onílẹ̀ kì í sì í fọwọ́ kan ẹrù kí a tó kó wúrà lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, àwọn baba wa mọ irú òwò bẹ́ẹ̀. Obìnrin a kó iṣu tàbí èso sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, a ka òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó hàn, a sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ń kọjá a mú ohun tí ó fẹ́, a sì fi owó ẹyọ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà a dé, a sì kó owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé àwòrán ọjà dé láti òkè òkun. Kí ó tó di 1950, àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ní ilẹ̀ wa a máa kọ lẹ́tà sí Manchester láti ra bàtà, fìlà àti aṣọ tí wọ́n rí nínú ìwé. Wọn a fi owó ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn a sì máa retí ọkọ̀ òkun fún oṣù púpọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń dẹ́bi fún àwọn ọmọ wa lónìí ni bàbá wọn gbé bàtà irú èyí wọ̀ lọ sí ilé ìsìn.

Ọjà ti àkókò yìí ni ó yára jù ú lọ. Ní 1995 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, ní ọdún kan náà ni eBay sì bẹ̀rẹ̀. Fóònù alágbèéká ti GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Ní 2012 ni a dá Jumia àti Konga sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó sì di 2019, a ti ń ta ìpín ìdókòwò Jumia ní ọjà New York. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú òwò orí fóònù tí àwa ń rí kò ti ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí wá. Obìnrin kan ni ó ya àwòrán aṣọ nínú yàrá rẹ̀, tí ó fi í sí orí WhatsApp tàbí Instagram, tí ó sì ń dúró de ẹni tí yóò béèrè pé, “Èló ni?”

Bí òwò láàrin àwọn tí kò rí ara wọn bá ti pẹ́ tó báyìí, kí ni ó yàtọ̀? A rò pé ìyàtọ̀ náà wà nínú ìbéèrè yìí: kí ni ó ń ṣọ́ ọjà náà? Ta ni ó ń ṣọ́ iṣu tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà? Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Ìtìjú ni ó ń ṣọ́ ọ, àti orúkọ rere, àti ìbẹ̀rù ohun tí a kò rí. Ẹni tí ń kọjá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò rí òun, síbẹ̀ ó rí ara rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ọjà náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ti òní ní ẹ̀ṣọ́ ní ìta. Ilé ìtajà a di owó mú títí ẹrù yóò fi dé. Oníbàárà a fi ìràwọ̀ kan tàbí márùn-ún ṣe ẹ̀rí fún ọlọ́jà. Òfin pẹ̀lú wà, nítorí òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún olùrà ní agbára láti dá ọjà tí ó ní àbùkù padà. Gbogbo èyí dára, àwa kò sì ní fẹ́ kí a mú ọ̀kan kúrò nínú wọn, nítorí pé àwọn oníjìbìtì pọ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bi ara wa léèrè pé: bí ẹ̀ṣọ́ ìta bá ń dúró lójoojúmọ́, ṣé ẹ̀ṣọ́ inú kò ní sùn?

Ìdánilójú yàtọ̀ sí ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tí ó ní ìdánilójú kò nílò láti gbẹ́kẹ̀lé ẹnikẹ́ni, nítorí pé bí a bá rẹ́ ẹ jẹ, owó rẹ̀ yóò padà wá. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀lé ẹlòmíràn ti fi nǹkan tirẹ̀ sínú ewu. Ní ìgbà tí òkun bá ń ru, tí apẹja kò lè jáde, obìnrin aláta a bu ata àti gààrí fún ìyàwó rẹ̀ ní àwìn. Kò sí ìwé láàrin wọn. Ó mọ apẹja náà, ó mọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òkun yóò rọlẹ̀. Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì lè yá ènìyàn ní owó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nípa ìṣirò ni yóò fi yá a, kì í ṣe nítorí pé ó mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì ń fi oúnjẹ sí ẹnu ọmọ. Síbẹ̀ ọ̀kan nìkan ni ó so ilé méjì pọ̀.

Kí a má baà ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun rere tí ọjà titun yìí mú wá. Èkíní, owó rẹ̀ wà ní gbangba. Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé ní ọjà wa, ọmọdé, àlejò, àti ẹni tí ó wọ aṣọ dáradára kì í san iye kan náà. A ń pe èyí ní ọgbọ́n òwò. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Kuéékà wí pé irọ́ ni kí ènìyàn béèrè iye tí kò ní lọ́kàn láti gbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi iye owó kan ṣoṣo lé ọjà wọn fún gbogbo ènìyàn, tó bẹ́ẹ̀ tí òbí lè rán ọmọ kékeré lọ sí ilé ìtajà wọn láìfòyà. Èkejì, aláìlera àti arúgbó tí kò lè wọ ọkọ̀ lè ra nǹkan. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń hun ẹní àti ẹni tí ń yan ẹja ní etí òkun lè tà fún ará Èkó, àní fún ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láìjẹ́ pé aláròóbọ̀ mẹ́ta gba èrè kí owó tó kan òun.

Ẹ̀kẹrin sì ni èyí tí ó dùn wá jù láti sọ. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò láti ọdún púpọ̀. Ó ti gba ilé, ó ti gba ọ̀nà, ó ti gba ilé iṣẹ́ tí àwọn baba fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Iṣẹ́ ìdènà omi tí ìjọba ti gbé fún àwọn agbaṣẹ́ṣe láti 2004 kò dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ti tú ká. Fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí ni ìtumọ̀ pé kí a wí fún wọn pé kí wọ́n di ọjà àtijọ́ mú? Ibi tí a ti ń pa àtẹ ti di omi. Ọjà orí fóònù nìkan ni ìgbì kò lè gbá lọ. Ẹni tí ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àṣà di ẹrù lé ẹni tí kò ní ilẹ̀ lórí.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń jẹ́wọ́ ohun rere wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń bọ́ lọ́wọ́ wa, kí ó má baà bọ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ọ̀kan ni èènì. Nígbà tí a bá ti ná ọjà tán, tí owó ti kúrò lọ́wọ́ olùrà, ọlọ́jà a tún bu díẹ̀ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú a máa dín owó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀dínwó a máa ṣáájú rírà. Ìjẹ tí a fi ń pe ẹja ni. Èènì a máa tẹ̀lé rírà, nígbà tí ọlọ́jà kò ní ohun kan mọ́ láti rí gbà nínú òwò ọjọ́ náà. Òfin òwò ti parí níbẹ̀. Ìwà ni ó kù. Èènì ni ọlọ́jà fi ń wí fún olùrà pé, “Owó rẹ nìkan kọ́ ni mo rí.”

Ohun kejì ni owó kan náà fún gbogbo ènìyàn, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn. Ẹ̀rọ lè tún un kó lọ. Ní ọdún 2000 ni àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé Amazon ń béèrè iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún fíìmù kan náà lọ́wọ́ ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ariwo sọ, ilé iṣẹ́ náà wí pé ìdánwò ni àwọn ń ṣe, wọ́n sì dá owó padà fún àwọn tí ó san jù. Ní ọjà wa, bí ìyá aláṣọ bá sọ owó gọbọi, a lè wo ojú rẹ̀, kí a rẹ́rìn-ín, kí a sì yí padà bí ẹni tí ń lọ. Yóò pè wá. Àwa àti òun mọ eré tí a ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ bá ná ọjà fún láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé a ń ná ọjà, báwo ni yóò ṣe dáhùn?

Ohun kẹta ni ìmọ̀ tí ó wà nínú ọwọ́. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí a mọ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn mọ́. Àwọn ìyá tí ń fi ẹ̀kọ yà á ní orúkọ fún ọnà wọn: Ìbàdàndùn, Olókun, àti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá ra á ní ìsọ̀ alárò a gbọ́ orúkọ rẹ̀, a fọwọ́ kan án, a gbóòórùn aró, a sì mọ̀ bóyá yóò ṣí tàbí kò ní ṣí. Nísinsìnyí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà pẹ̀lú ọnà àdìrẹ ti kún ọjà, nínú àwòrán orí fóònù sì ni ojú kò ti lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Kì í ṣe pé àwòrán ń purọ́; ojú nìkan ni a rán sí ọjà, ojú kò sì lè jẹ́rìí fún ọwọ́. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé ojú nìkan ni ó ń ra aṣọ, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jinlẹ̀ àti ẹni tí ó jí àwòrán rẹ̀ yóò jókòó sí orí àga kan náà, èyí tí owó rẹ̀ kéré ni a ó sì rà. Àwọn àgbà ti wí pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

A fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé àwa fúnra wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì wá láti sọ ọ́. A ra àtùpà tí ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń tajà lórí fóònù. Nígbà tí a tú ẹrù náà, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Inú bí wa. Kí a tó jẹun alẹ́, a ti fún obìnrin náà ní ìràwọ̀ kan, a sì kọ ọ́ sí gbangba pé olè ni. Ní ọjọ́ kejì ni ọmọ ilé wa kan, tí ó bá ẹrù náà wọ ọkọ̀ láti Igbókòdá, jẹ́wọ́ pé òun ni òun jókòó lé e lórí nígbà tí òjò dé. A bẹ obìnrin náà, a sì mú ọ̀rọ̀ wa kúrò. Ó dárí jì wá pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé ẹni méjì tí ó ti fẹ́ ra àtùpà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti ka ohun tí a kọ, wọ́n sì ti lọ.

A ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ká ní ní ojú ọjà ni, a kì bá ti pè é ní olè ní ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. A ó ti wo ojú rẹ̀. Ẹni tí ó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ti bi wá pé, “Ta ni ó gbé e délé fún yín?” Ìyálọ́jà yóò ti pe àwa méjèèjì jókòó. Lọ́jọ́ gbogbo ni a ń ráhùn pé ẹni tí a kò rí lè rẹ́ wa jẹ. A kò rántí pé àwa pẹ̀lú jẹ́ ẹni tí a kò rí, àti pé àwa náà lè rẹ́ni jẹ. Ohun kan náà ni ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a gbé ẹrù wá kí òun tó sanwó ń ṣe, nígbà tí ó bá rí ẹni tí ó gun ọ̀kadà gbé e dé, tí ó sì wí pé òun kò fẹ́ mọ́, láìsí ìdí. Ó rò pé ilé iṣẹ́ kan ni òun dá lóró. Kò rí ẹni tí yóò ru ẹrù náà padà ní ọwọ́ òfo.

Níhìn-ín ni a rò pé ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Àṣà wa kò sí nínú ìsọ̀ àti àtẹ. Bí ó bá wà níbẹ̀, òkun ì bá ti gbé ti Ayétòrò lọ. Kò sì sí nínú ìnájà nìkan, nítorí pé Ayétòrò gbé ogún ọdún láìná ọjà láàrin ara wọn, wọn kò sì torí rẹ̀ ṣaláì jẹ́ Yorùbá. Àṣà náà ni pé kí a má ṣe rí owó láìrí ènìyàn tí ó dì í mú. Ojú ọjà ń ràn wá lọ́wọ́ láti pa á mọ́, nítorí pé ojú ń bẹ níbẹ̀. Ọjà àìfojúrí kò ràn wá lọ́wọ́. Kò sì dí wa lọ́wọ́. Ó fi wá sílẹ̀ fún ara wa, bí ẹni tí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu tí kò ní olùṣọ́. Nítorí náà kò tọ́ kí a wí pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ba ìwà jẹ́. Ó ń fi hàn bóyá ìwà tí a ń hù ní ojú ọjà jẹ́ tiwa, tàbí ojú àwọn ènìyàn ni ó yá wa lò ó.

Ẹnìkan lè takò wá pé ìrètí tí ó ga jù ni èyí. Pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì yóò ṣe rere bí kò bá sí ẹni tí ń wò wọ́n. A gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí èyí ni a kò fi wí pé kí a mú ẹ̀ṣọ́ ìta kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ìta lè dá olè dúró nìkan. Kò lè mú kí ọlọ́jà bu èènì, kò sì lè mú kí olùrà sọ òtítọ́ nípa ohun tí ọmọ tirẹ̀ bàjẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni ó ń ṣe èyí, ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ni a sì ti ń kọ́ ọ, kì í ṣe inú fóònù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun mẹ́rin kún ìṣe wa. Èkíní, kí ẹni tí yóò kọ ẹ̀sùn sí gbangba kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ọlọ́jà fúnra rẹ̀, kí ó sì fún un ní ọjọ́ kan láti dáhùn. Kí ó má kọ ohun tí kò lè sọ ní ojú rẹ̀. Èkejì, kí ẹni tí ń tajà ya àwòrán àbùkù ọjà rẹ̀ pẹ̀lú ẹwà rẹ̀, kí ó sì pe aṣọ ẹ̀rọ ní aṣọ ẹ̀rọ. Òṣùwọ̀n èké tí wòlíì Ámósì bá àwọn oníṣòwò ìgbà rẹ̀ wí nítorí rẹ̀ kò nílò kóńgò kí ó tó jẹ́ èké. Àwòrán lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò èrè àti àdánù, ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú ní èènì àti àwìn, kí wọ́n mọ̀ pé ìṣirò kan wà tí kì í parí sí orí èrè. Ẹ̀kẹrin, bí a bá lè ra ohun kan lọ́wọ́ aládùúgbò wa ní iye tí kò pọ̀ ju ti òkèèrè lọ púpọ̀, kí a rà á níbẹ̀. Nítorí pé ní ọjọ́ tí òkun bá ru, lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ó ti gba gààrí.

Ní ìkẹyìn, ẹ̀yin ará, bí ẹrù kan bá dé ẹnu ọ̀nà yín ní oṣù yìí, kí ẹ tó tú u, ẹ kí ẹni tí ó gbé e wá, kí ẹ bi í léèrè bí ojú omi ti rí, kí ẹ sì fún un ní omi mu.